Kí Ọ̀kadà Tó Dé: Ìtọ́jú Ojú-ẹsẹ̀ fún Ọmọ Nínú Ilé

Nǹkan bí aago méjì òru ni wọ́n ń gbá ilẹ̀kùn mi. Ìyàwó ilé kejì ni, ó gbé ọmọ rẹ̀ ọkùnrin dání, ọmọ ọdún méjì. Ara ọmọ ti le gbagidi, ojú rẹ̀ ti yí sókè, itọ́ ń ho lẹ́nu rẹ̀. Ìyá ọkọ rẹ̀ ń sáré bọ̀ lẹ́yìn, ó mú ṣíbí irin lọ́wọ́ kan, ó mú ìgò àgbo lọ́wọ́ kejì. Mo gba ọmọ, mo tẹ́ ẹ sórí ẹní, mo fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, mo sì ní kí màmá bá mi wojú aago. Ìṣẹ́jú mẹ́ta kò pé tí ara ọmọ fi bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Kò sí idán kankan nínú ohun tí mo ṣe. Ṣíbí yẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù ju gìrì lọ, nítorí mo ti rí eyín tí ṣíbí kán sọ́mọ lẹ́nu, mo sì ti rí ọmọ tí àgbo gba ọ̀nà èémí wọ inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀.

Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì sí Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, yàrá àwọn ọmọdé ni mo sì pẹ́ sí jù. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí wọ́n ń gbé wá bá wa, ẹrù méjì ni wọ́n ń rù wọlé: àìsàn tó mú wọn, àti ohun tí wọ́n ti fi tọ́jú wọn nílé. Ti àkọ́kọ́, a sábà máa ń rí i ṣe. Ti ìkejì ló ń dà wá láàmú. Ìdí nìyẹn tí "ẹ má ṣe" fi pọ̀ nínú ìtọ́sọ́nà yìí tó "ẹ ṣe". Mo mọ̀ọ́mọ̀ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ni. Ohun tí mo ń sọ kò lè dípò dókítà. Ti ìdajì wákàtí tí ẹ fi ń wá ọ̀kadà ni.

Ẹ pèsè ilé sílẹ̀

Ẹ wá ike kan tó ní ìdérí. Ẹ kó páálí ORS (iyọ̀ àti ṣúgà tí a ń po mọ́ omi fún ọmọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru) mẹ́ta tàbí mẹ́rin sí i, pẹ̀lú hóró síǹkì, paracetamol olómi ti ọmọdé, tẹmómítà, báńdéèjì, ṣíbí tíì kan tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mú lọ sí ilé ìdáná, tọ́ọ̀ṣì, àti aṣọ funfun tí ẹ ti fọ̀, tí ẹ sá sóòrùn, tí ẹ sì lọ̀ kí ẹ tó ká a sínú ọ̀rá. Ẹ gbé e síbi tí ọwọ́ àgbà á tó, tí ọwọ́ ọmọ kò ní tó. Ẹ fi owó ọ̀kadà sínú rẹ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín: owó tí kò sí nílé lóru ti pa ọmọ rí.

Ẹ bá ọlọ́kadà kan tàbí onímàrúwà kan ní àdúgbò sọ̀rọ̀ lọ́sàn-án, ẹni tí yóò gbé fóònù bí ẹ bá pè é lóru. Ẹ kọ nọ́ńbà rẹ̀ sára ògiri, nítorí fóònù tí nọ́ńbà wà nínú rẹ̀ lè kú. 112, nọ́ńbà pàjáwìrì, náà wà, ẹ pè é, ṣùgbọ́n ẹ má jókòó máa retí ẹnì kankan nígbà tí ọlọ́kadà wà lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ sì mọ ibi tí ẹ ń lọ. Nílùú wa níbí, ọsibítù ńlá méjì tí wọ́n ti ń kọ́ṣẹ́ dókítà ló wà: ti yunifásítì LAUTECH, àti ti yunifásítì Bowen tí àwọn àgbà ṣì ń pè ní Ọsibítù Baptist, tó ti wà láti ọdún 1907. Ẹ lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ tí ara ẹnikẹ́ni kò gbóná, kí ẹ wo ẹnu ọ̀nà tí wọ́n ń gbé ọmọ gbà wọlé ní pàjáwìrì. Mo ti rí bàbá tó gbé ọmọ yí ọgbà ọsibítù po lẹ́ẹ̀mejì nínú òkùnkùn.

Gìrì

Gìrì tó ń bá ara gbígbóná wá sábà máa ń mú ọmọ láti oṣù mẹ́fà sí ọdún márùn-ún. Ó burú lójú, kò sí ìyá tí yóò rí i tí ọkàn rẹ̀ kò ní já. Ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ kì í pé ìṣẹ́jú márùn-ún tó fi ń dáwọ́ dúró fúnra rẹ̀, kì í sì í di wàrápá. Èyí ni kí ẹ ṣe, kí ẹ sì tẹ̀ lé e bó ṣe wà:

1. Ẹ tẹ́ ọmọ sílẹ̀, lórí ẹní tàbí aṣọ. Ẹ má gbé e sórí itan, ẹ má sì gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì tó lè jábọ́ láti orí rẹ̀. Ẹ gbé sítóòfù, àga àti ohun líle gbogbo kúrò nítòsí rẹ̀.

2. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, kí ẹnu rẹ̀ kọjú sí ìsàlẹ̀ díẹ̀, kí itọ́ àti èébì rí ibi ṣàn jáde. Nínú gbogbo ohun tí mo kọ síbí, bí ẹ bá máa gbàgbé ìyókù, ẹ má gbàgbé èyí.

3. Ẹ wo aago. Ìṣẹ́jú kan nínú gìrì dà bí wákàtí kan lójú ẹni tó bímọ. Aago nìkan ni kì í bẹ̀rù.

4. Ẹ tú bọ́tìnì ọrùn rẹ̀, ẹ bọ́ aṣọ tó nípọn. Ẹ má di ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ mú pé kí ó má gbọ̀n mọ́.

5. Ẹ má fi ohunkóhun sí i lẹ́nu. Ìka kò sí níbẹ̀, ṣíbí kò sí níbẹ̀, omi, epo, àdín, àgbo, oògùn òyìnbó, kò sí ọ̀kankan níbẹ̀. Ọmọ tí gìrì mú kì í gbé ahọ́n ara rẹ̀ mì. Ó lè gé e jẹ díẹ̀, ìyẹn á jinná. Eyín tó kán tó wọ ọ̀nà èémí ni kò ní jinná.

6. Bó bá dáwọ́ dúró, ẹ fi í sílẹ̀ lórí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ máa wo àyà rẹ̀ bí ó ṣe ń mí. Yóò fẹ́ sùn, ẹ jẹ́ kó sùn. Ẹ má bu omi tútù lù ú.

7. Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù lóru ọjọ́ náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti jí tó ń bèèrè bísíkíìtì.

Èyí tó kẹ́yìn yìí ni àwọn òbí máa ń bá mi jiyàn lé lórí. "Nọ́ọ̀sì, ó ti ń ṣeré." Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n nílẹ̀ wa níbí, ibà ẹ̀fọn tó ti dé ọpọlọ lè bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀, àrùn tó ń mú awọ tó bo ọpọlọ wú lè bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ tó wálẹ̀ jù náà ń fa gìrì. Ojú lásán kò lè ya ọ̀kan sọ́tọ̀ nínú wọn. Bí gìrì bá sì ti kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, tàbí tí òmíràn dé kí ọmọ tó jí láti inú ti àkọ́kọ́, tàbí ó jẹ́ pé apá kan ara nìkan ló ń gbọ̀n, tàbí ọmọ náà kò tíì pé oṣù mẹ́fà, ẹ má dúró retí pé kó dáwọ́ dúró. Ẹ máa lọ, kí orí rẹ̀ wà ní ẹ̀gbẹ́ ní gbogbo ọ̀nà.

Ọ̀rọ̀ àgbo ńkọ́? N kò bá àgbo jà o. Àgbo ni wọ́n fi wẹ̀ mí dàgbà, mo sì mọ àwọn ìyá eléwé-ọmọ tí mo bọ̀wọ̀ fún. Ṣùgbọ́n àgbo gìrì tí wọ́n ń fi ìtọ̀ màlúù ṣe, pẹ̀lú ewé tábà, ayù, àlùbọ́sà àti iyọ̀, májèlé ni fún ọmọdé. Ó máa ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, ó sì máa ń dín èémí kù. Ọmọ tí gìrì ì bá fi sílẹ̀ nínú ìṣẹ́jú mẹ́ta á wá sùn lọ, àwọn ará ilé á máa dúpẹ́ pé àgbo ti ṣiṣẹ́, wọn kò ní mọ̀ pé oorun náà kọ́ ni oorun. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹsẹ̀ tí wọ́n ń tì bọ iná kó lè jí, àti ata tí wọ́n ń fi sójú. Mo ti dì ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí fún oṣù púpọ̀. Gìrì ọmọ náà ti lọ tipẹ́tipẹ́, ẹsẹ̀ ni kò jẹ́ kó padà sílé.

Ara gbígbóná, àti ìṣírò paracetamol

Ẹ fi tẹmómítà sí i lábíyá. Ẹ̀yìn ọwọ́ tí a fi ń kan ọrùn ọmọ máa ń tan ni jẹ, pàápàá bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi omi dé. Bí ó bá ti di 37.5 lábíyá, ara ti ń gbóná. Ẹ dín aṣọ rẹ̀ kù, ẹ fún un lọ́mú tàbí omi déédéé, ẹ ṣí fèrèsé. Ẹ má wẹ̀ ẹ́ ní omi tútù bíi yìnyín, ẹ má sì fi ọtí nù ún lára.

Paracetamol: kílò ni a fi ń wọ̀n ọ́n. Kílò kan, mílígíráàmù 10 sí 15. Ọmọ tó wọn kílò 10, mílígíráàmù 100 sí 150 ni tirẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ó di wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà kí ẹ tó tún fún un, kò sì gbọdọ̀ kọjá ẹ̀ẹ̀mẹrin láàárín òwúrọ̀ sí òwúrọ̀. Ibi tí ewu wà nìyí: ìgò méjì ni wọ́n ń tà ní kẹ́mísì. Ti ọmọ tó ti ń rìn sábà máa ń jẹ́ mílígíráàmù 120 tàbí 125 nínú mílílítà 5. Ti ọmọ ọwọ́, ìgò kékeré tó ní ohun ìkán, lè jẹ́ mílígíráàmù 100 nínú mílílítà kan ṣoṣo. Bí ẹ bá fi ṣíbí wọn ti ọmọ ọwọ́ bí ẹni wọn ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ẹ ti fún un ní ìlọ́po mẹ́rin. Ẹ ka ara ìgò lábẹ́ iná kí ẹ tó ṣí i. Ẹ má fún ọmọdé ní aspirin.

Paracetamol kì í wo ibà sàn, ó kàn ń fi ara rọ̀ ni. Kí wákàtí 24 tó pé, ẹ jẹ́ kí wọ́n gún un níka, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Ẹ má ra oògùn ibà lé ìfura lórí. Bó bá sì jẹ́ ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́ta lara rẹ̀ gbóná, ẹ má tilẹ̀ wá kẹ́mísì, ọsibítù ni tààrà.

Ohun gbígbóná

Wọ́n ń kì wá ní Ògbómọ̀ṣọ́ Ajílété, níbi tí wọ́n ti ń jẹ ọkà kí wọ́n tó mu ẹ̀kọ yangan. Oríkì náà dùn, ṣùgbọ́n ọkà àti ẹ̀kọ yìí náà ló ń bó ọmọ wa lára. Ìyá á sọ ìkòkò kalẹ̀ láti lọ mú orógùn, ọmọ tó ń kọ́ ìrìn á di etí rẹ̀ mú. Àmàlà burú ju omi lọ, nítorí omi á ṣàn kúrò, àmàlà á lẹ̀ mọ́ awọ, á sì máa jó o lọ.

Omi ni oògùn rẹ̀. Kì í ṣe omi yìnyín. Omi tó wà nínú àmù tàbí inú kànga báyìí tó. Ẹ máa da omi sí i fún ogún ìṣẹ́jú gbáko. Àwọn ènìyàn máa ń ṣe é fún ìṣẹ́jú méjì, wọ́n á ní ó tó. Kò tó. Iná ṣì wà nínú awọ lẹ́yìn tí ẹ ti gbé e kúrò nídìí ìkòkò. Bí ẹ̀rọ omi kò bá sí, báàgì pure water kan tó ní ogún nínú jẹ́ nǹkan bíi lítà 10: ẹ gé igun ọ̀kan, ẹ máa rọra tú u, ẹ gbé abọ́ ńlá sábẹ́ kí ẹ lè tún omi náà bù. Bí àmàlà bá lẹ̀ mọ́ ọn, ẹ jẹ́ kí omi máa ṣí i kúrò, ẹ má fi èékánná ha á. Bí ẹ̀yin bá pẹ́ kí ẹ tó mọ̀, ẹ ṣì lè da omi yìí, ó wúlò títí di wákàtí mẹ́ta lẹ́yìn tó ṣẹlẹ̀.

Bí omi ṣe ń dà, ẹ bọ́ aṣọ rẹ̀, ẹ yọ ìlẹ̀kẹ̀, ẹ̀gbà ọwọ́ àti bèbè ìdí rẹ̀ kí ibẹ̀ tó wú. Aṣọ tó ti lẹ̀ mọ́ ara, ẹ fi sísọ́ọ̀sì gé yíká rẹ̀, ẹ fi ìyókù sílẹ̀. Ẹ fi aṣọ bo apá ibi tí iná kò dé, pàápàá nígbà ọyẹ́, kí òtútù má baà mú un. Lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú, ẹ fi aṣọ funfun inú ike yẹn bò ó láìfún un, tàbí ọ̀rá tuntun tó mọ́, ẹ fún un ní paracetamol, ó di ọsibítù.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí n ka ohun tí mo ti fọ̀ kúrò lójú egbò ọmọdé fún yín: ẹyin tútù, ọṣẹ ìfọyín, iyọ̀, ògì, òrí, tòmátì, epo mọ́tò, ìgbẹ́ ewúrẹ́ pàápàá. Kò sí èyí tó ń pa iná nínú wọn. Ẹyin ń gbé kòkòrò wọlé. Ọṣẹ ìfọyín máa ń tutù lára ni ẹ ṣe rò pé ó ń ṣe é lóore. Nígbà tó bá gbẹ tán, a óò ní láti fi omi àti ọwọ́ yọ ọ́ kí dókítà tó lè rí ojú iná, ọmọ á sì ké tí ẹ̀yin náà á bá a sunkún. Ẹ má bẹ́ ìléróró. Awọ tó bò ó yẹn, báńdéèjì ọ̀fẹ́ ni.

Kí ni ẹ lè tọ́jú nílé? Èyí tí kò tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọ náà fúnra rẹ̀, tí kò léróró. Ohunkóhun tó bá ju ìyẹn lọ, tàbí tó wà lójú, lọ́wọ́, lẹ́sẹ̀, lábẹ́, tàbí ní oríkèé, ẹ gbé e lọ. Iná mànàmáná pẹ̀lú, bó bá tilẹ̀ jẹ́ ojú kékeré bíi ẹ̀pà: inú ló ń jó.

Ìgbẹ́ gbuuru

Lásìkò màngòrò, gbogbo ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ló ń jẹun láti orí igi. Eṣinṣin náà ń bá wọn jẹ. Ẹ fọ màngòrò, ẹ fọwọ́, mo ti sọ ọ́ tán.

Ọmọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru, omi ló ń tán lára rẹ̀, àìsí omi yìí ló ń pa á. Nítorí náà, kí ẹ tó wá oògùn tí yóò dí ìgbẹ́ (ẹ má wá a rárá), ẹ dá omi padà. ORS inú páálí ló dára jù. Ẹ ka iye omi tí wọ́n kọ sára rẹ̀, kí ẹ sì po gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Bí kò bá sí nílé:

Ẹ fọ ọwọ́ àti ìkòkò. Ẹ tú pure water 50cl méjì sínú rẹ̀, ìyẹn lítà kan. Ẹ bu ṣúgà ṣíbí tíì mẹ́fà, kí ẹ fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ gé orí ṣíbí kọ̀ọ̀kan dọ́gba. Ẹ bu iyọ̀ ìdajì ṣíbí tíì, òun náà kí orí rẹ̀ dọ́gba. Ẹ rò ó títí tí ṣúgà yóò fi yọ́. Ẹ tọ́ ọ wò: kò gbọdọ̀ níyọ̀ ju omijé lọ. Bó bá níyọ̀ jù bẹ́ẹ̀, ẹ dà á nù, ẹ po òmíràn, nítorí iyọ̀ tó pọ̀ jù léwu ju ìgbẹ́ náà lọ. Bí ilẹ̀ bá mọ́ tó kù, ẹ dà á nù.

Lẹ́yìn ìgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì á mu mílílítà 50 sí 100. Èyí tó ti jù bẹ́ẹ̀ lọ, 100 sí 200. Ẹ fi ṣíbí fún un, díẹ̀díẹ̀. Bó bá bì í, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ tún bẹ̀rẹ̀, kí ó falẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀. Ẹ má gba ọmú lẹ́nu rẹ̀, ẹ má sì fi oúnjẹ dù ú. Hóró síǹkì, mílígíráàmù 20 lójúmọ́ fún ọjọ́ 10 sí 14. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà, ìdajì rẹ̀. Ìgbẹ́ á dáwọ́ dúró lọ́jọ́ kẹta tàbí ìkẹrin, àwọn ìyá á sì gbé síǹkì jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ lò ó tán, ó ń dènà èyí tó ń bọ̀.

Bí ojú ọmọ bá jìn wọnú, tí àwùjẹ̀ rẹ̀ rì, tí omijé kò jáde nígbà tó ń sunkún, tí kò tọ̀ láti òwúrọ̀, tí ẹ fi ìka fa awọ ikùn rẹ̀ sókè tí kò tètè padà, tí ẹ̀jẹ̀ wà nínú ìgbẹ́, tàbí tí ó ń wò bọ̀ọ̀ tí kò lè mumi mọ́: ẹ gbéra. Ẹ máa fún un lómi náà lójú ọ̀nà bó bá ṣì lè mu ún. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé "eyín ló ń hù." Lásìkò tí eyín ń hù ni ọmọ ń rá, tó ń mú gbogbo nǹkan ilẹ̀ sẹ́nu. Ilẹ̀ ló jẹ̀bi, eyín kọ́.

Kẹrosíìnì

Ìgò kókà ni wọ́n sábà máa ń fi rà á, ọmọ a sì rò pé mínírà ni. Bó bá mu ún, ẹ má fi epo pupa bì í, ẹ má fi ìka ki í lọ́fun. Kẹrosíìnì tó wà ní ikùn kò burú tó èyí tó wọ ẹ̀dọ̀fóró, èébì ló sì ń gbé e lọ síbẹ̀. Ẹ bọ́ aṣọ tó dà sí, ẹ fi ọṣẹ wẹ ara rẹ̀, ẹ gbé e lọ, ẹ mú ìgò náà dání. Bó bá ń ṣeré, ẹ gbé e lọ náà. Èémí rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í le lẹ́yìn wákàtí mélòó kan. Kẹrosíìnì tó kù, ẹ wá ike tí kò jọ ti ohun mímu fún un.

Ejò

Àwọn tó ń ṣa kaṣú àti àwọn tó ń roko ló mọ̀ ọ́n jù, ṣùgbọ́n ọmọ tó lọ gbé bọ́ọ̀lù nínú koríko náà ń pàdé rẹ̀. Bí ejò bá ṣán ènìyàn, ẹ kúrò níbẹ̀, ẹ má lépa ejò. Ẹni tó ń lé ejò ni ejò tún máa ń ṣán. Bí ẹ bá rí àwọ̀ rẹ̀, ẹ rántí. Bí ẹnìkan bá rí ọ̀nà fi fóònù yà á láti òkèèrè, ó dára.

Ẹ jẹ́ kí ẹni náà jókòó tàbí sùn sílẹ̀. Kí ó má rìn, nítorí iṣan tó ń ṣiṣẹ́ ló ń ti oró lọ sókè. Ẹ yọ òrùka, bàtà, ẹ̀gbà. Ẹ fi igi méjì àti ìborùn di ẹsẹ̀ náà bí ẹni di ẹsẹ̀ tó ṣẹ́, kí ó má mì, ṣùgbọ́n kí ẹ lè ti ìka bọ abẹ́ ìdì náà. Ẹ kọ aago sílẹ̀. Ẹ gbé e, kí ó má fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé ìdí ọ̀kadà.

Ẹ má so okùn pinpin lókè ibi tó ti ṣán an. Mo ti rí ẹsẹ̀ tí ejò kò bàjẹ́ tí okùn bàjẹ́. Ẹ má sín gbẹ́rẹ́, ẹ má fẹnu fà á, ẹ má lẹ òkúta dúdú mọ́ ọn. Mo mọ̀ pé àwọn kan máa sọ pé òkúta náà ṣiṣẹ́ fún àwọn. Ọ̀pọ̀ ejò tó ń ṣánni ni kì í tu oró sára, ẹni bẹ́ẹ̀ ì bá yè bí wọ́n bá tilẹ̀ lẹ bísíkíìtì mọ́ ọn. Èyí tó tu oró, abẹ́rẹ́ tó ń pa oró ejò nìkan ló mọ ọ̀nà rẹ̀, ọsibítù ló sì wà. Ẹ pè wọ́n lórí fóònù bí ẹ ṣe ń lọ, ẹ bèèrè bóyá ó wà lọ́wọ́ wọn. Bí wọ́n bá gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sínú ìgò kékeré tí wọ́n gbé e kalẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú, ẹ má rò pé wọ́n ń fi yín ṣeré: wọ́n ń wò ó bóyá yóò dì ni. Oró àwọn ejò kan kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Èyí tó bá sì tu itọ́ síni lójú, omi púpọ̀ ni kí ẹ fi ṣan ojú náà fún ìṣẹ́jú 15 sí 20, ẹ má fi wàrà ọmú tàbí ewé sí i.

Ohun tó há lọ́fun

Bí ọmọ bá ṣì lè wúkọ́, ẹ jẹ́ kó wúkọ́. Bí ohùn kò bá jáde tí ètè rẹ̀ ń dúdú bọ̀, ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan ni kí ẹ dojú rẹ̀ bolẹ̀ lórí apá yín, kí orí rẹ̀ rẹlẹ̀ ju ìdí lọ, kí ẹ fi ìdí àtẹ́lẹwọ́ gbá a láàárín èjìká ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún. Ẹ yí i padà, ẹ fi ìka méjì tẹ àárín àyà rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún. Ẹ máa pààrọ̀ wọn títí yóò fi jáde. Ọmọ tó ti ju ọdún kan lọ, ẹ gbá a lẹ́yìn ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún, lẹ́yìn náà ẹ dúró sẹ́yìn rẹ̀, ẹ di ẹ̀ṣẹ́ sókè ìdodo rẹ̀, ẹ fà á sínú àti sókè ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún. Ohun tí ẹ kò bá fojú rí, ẹ má fi ìka wá a.

Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń rọ ọmọ, tí ẹ ń di imú rẹ̀ kó lè gbé ògì mì, ẹ dákun. Ọ̀nà tí ògì ń gbà lọ sí ẹ̀dọ̀fóró nìyẹn. Ọmọ tí kò fẹ́ jẹun, ẹ wá ìdí rẹ̀.

Imú tó ń ṣẹ̀jẹ̀ nígbà ọyẹ́, orí síwájú ni, kì í ṣe sẹ́yìn. Ẹ fún ibi tó rọ̀ lára imú pọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá láìtú u wò.

Bí ẹ bá dé ọsibítù

Ẹ sọ aago tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ sọ iye ìgbà tó ṣẹlẹ̀. Ẹ sọ gbogbo ohun tí ẹ ti fún ọmọ, àgbo, agúnmu, oògùn kẹ́mísì, oògùn tí ẹ̀gbọ́n yín fi ránṣẹ́ láti Ìlọrin, ẹ má yọ ọ̀kankan sílẹ̀. Mo mọ̀ pé àwọn nọ́ọ̀sì kan máa ń bú ìyá tó bá sọ̀rọ̀ àgbo, kò sì dára. Bí ó bá bú yín, ẹ jẹ́ kó bú yín tán, ẹ tún un sọ, nítorí abẹ́rẹ́ tí dókítà máa fún un lè dúró lórí ìdáhùn yẹn. Ìgò àgbo tí màmá mú lọ́wọ́ lóru ọjọ́ náà, èmi ni mo ní kí wọ́n gbé e dání.

Lórí ọ̀kadà, ẹni kan ni kó gbé ọmọ, kí ẹlòmíràn má ṣe jókòó sẹ́yìn rẹ̀ tí yóò fún ọmọ mọ́lẹ̀ láàárín. Òun lè tẹ̀ lé wọn pẹ̀lú ọ̀kadà kejì. Ẹ má pọn ọmọ tí gìrì mú tàbí tó ń bì. Ẹ gbé e síwájú, lórí apá, kí ojú rẹ̀ wà ní ẹ̀gbẹ́. Ẹ mú káàdì àjẹsára rẹ̀, aṣọ méjì, omi, àti ṣájà fóònù.